Kí Ni Fífún Òkè Lómi Mu?

"Rìṣáàjì omi abẹ́ ilẹ̀" ti sú mi í gbọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ò ju ká darí omi òjò wọ inú ilẹ̀, kó lè sun jáde nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀dá báyìí, òun ló máa gbé síta. Fóònù là ń rìṣáàjì, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀rọ kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Àwọn tó sá fún Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń kọ "ìkórè omi". Ìyẹn dùn létí, àmọ́ orí páànù àti táǹkì ló ń gbé ọkàn lọ.

"Fífún òkè lómi mu" lèmi ń kọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí a ò rí àgbàrá, kò sí ìyá àgbà tí kò ní sọ pé ilẹ̀ ti mu ún. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ohun tí mo fi kún un ò ju pé ẹnì kan ló ń gbé omi náà dé ẹnu òkè.

Orúkọ tí àwọn tó ni iṣẹ́ náà gan-an fún un ò jìnnà sí tèmi. Huamantanga jẹ́ ìlú àgbẹ̀ kan lórí òkè Andes ní orílẹ̀-èdè Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó ga ju mítà 3,000 lọ, lókè odò Chillón tó ń ṣàn lọ sí ìhà Lima, olú ìlú wọn. Mamanteo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn fífún lọ́mú. Ojú omi tí wọ́n fi ń ṣe é ló ń jẹ́ amuna.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin ni òjò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Kí ìjọba Inca, ìjọba ńlá àtijọ́ lórí Andes, tó dé rárá ni àwọn baba ńlá wọn ti la ojú omi tóóró lára òkè, tí wọ́n fi òkúta tò ó. Nígbà òjò, wọ́n á ya omi kúrò nínú odò, wọ́n á darí rẹ̀ sí ibi tí àpáta ti sán, tí ilẹ̀ sì fúyẹ́, omi á sì wọlẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, á tún sun jáde. Wọ́n á gbà á sínú adágún kékeré, wọ́n á fi bomi rin ọ̀dùnkún àti koríko màlúù.

Àjọ omi ni wọ́n ń dá. Owó ọjà tí èèyàn kó lọ sílé lódindi kì í dúró de ìparí oṣù. Èyí tó fi lé alájọ lọ́wọ́ ló máa bá a lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá há. Alájọ á yọ tirẹ̀, òkè náà á yọ tirẹ̀: omi díẹ̀ á gba ibòmíràn lọ, kò ní dé ojú ìsun mọ́. Àwọn onímọ̀ da aró sínú omi amuna, wọ́n lọ dúró dè é nísàlẹ̀. Àbájáde wọn jáde ní 2019: ọjọ́ 45 ni omi náà ń lò nínú ilẹ̀ ní ìpíndọ́gba, òmíràn ọ̀sẹ̀ méjì, òmíràn oṣù mẹ́jọ. Omi tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú odò ti dé òkun tipẹ́ kí ìyẹn tó yọjú.

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya omi tó ń rìn lábẹ́ awọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wọ inú àpáta. Àgbẹ̀ tó dúró lójú ìsun kò béèrè ìyẹn, mo fò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń túmọ̀ ìwé ìjọba ní ọ̀rọ̀ mi ò níyì tó, pé "ìmúpadàbọ̀sípò omi abẹ́ ilẹ̀" ló bá ìwé mu. Ẹ ka ìyẹn sétí ẹni tó di ọkọ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló máa fi ọkọ́ náà ṣe. Ó tún ní àwọn èèyàn á dà á pọ̀ mọ́ bíbomi rin oko. Wọn ò ní dà á pọ̀. Ohun ọ̀gbìn là ń bomi rin, lásìkò ọ̀dá. Òkè là ń fún lómi mu, lásìkò òjò tí omi pọ̀.

Mi ò lè gbà á torí pé orúkọ ló ń pinnu ibi tí owó ìrànlọ́wọ́ ń gbà. Yìnyín orí Andes ń yọ́ dànù, òjò ò sì dúró lójú oṣù rẹ̀ mọ́. Ẹni tó gbọ́ "ìkórè omi" á ra táǹkì lọ fún àgbẹ̀ òkè. Táǹkì á kún kí òjò tó dá, ìyókù á ṣàn lọ. Inú òkè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, oòrùn ò sì rí omi inú rẹ̀ fà. Púpọ̀ nínú àwọn amuna ló ti dí, tí òkúta wọn ti ya lulẹ̀. Títún wọn là, ọ̀wẹ̀ ìlú ni, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó lọ. Ní 2014, Peru ṣòfin tó jẹ́ kí àwọn tó ń mu omi nísàlẹ̀ máa san nǹkan fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lókè. Lima, tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn nínú aṣálẹ̀, ló sì wà nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Àwọn àgbẹ̀ Huamantanga ń fún òkè lómi mu." Ẹ má so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan, ẹ má sì fi àmì dáṣì há a láàárín.