Ẹ Yé Fọwọ́ Kan Irin Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Iṣẹ́ títọ́jú irin àtijọ́ ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì ń rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa tó ń wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Metropolitan Museum of Art ní New York ti sú mi. Bí wọ́n bá ti dé gbọ̀ngàn tí àwọn ẹlẹ́ṣin tó wọ ìhámọ́ra wà, ọwọ́ ti nà nìyẹn: ẹnì kan á fẹ́ ti ìka bọ ojú idà bóyá ó ṣì mú, ẹlòmíràn á gbé ọmọ sókè kí ọwọ́ rẹ̀ lè kan irin àyà ẹṣin nínú fọ́tò. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sì kìlọ̀ fún wọn, wọ́n á ní, “Ṣebí irin ni, kí ni ọwọ́ fẹ́ fi irin ṣe?”

Iyọ̀ ni ọwọ́ fi ń ba irin jẹ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn gbogbo ènìyàn, kódà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tán, iyọ̀ yìí a sì máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí irin yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún níbi tí ìka gbé kàn án. Mo ti rí àmì àtàńpàkò lára irin dídán, tí gbogbo ìlà rẹ̀ pé pérépéré bí ti ẹni tó tẹ̀ka ní ibùdó ìdìbò. Ìnujú kò lè mú un kúrò, nítorí pé ìpáàrà ti jẹ wọnú irin. Idẹ náà kò bọ́: iyọ̀ a máa sọ ọ́ di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Ìdí nìyí tí àwa fi ń wọ ìbọ̀wọ́, tí a sì ń ṣọ́ ọ̀rinrin inú àpótí gíláàsì tọ̀sán-tòru.

Ojú ni kí ẹ fi jẹun níbẹ̀. Láti ọdún 1912 ni ẹ̀ka ohun ìjà ti wà níbẹ̀, ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ẹ wá idà kékeré kan tí wọ́n rọ ní ààfin Süleyman, ọba ilẹ̀ Ọ́tómánì tí Turkey òde òní ti jáde, ní nǹkan bí ọdún 1525 sí 1530. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ojú irin rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí dírágónì, ẹranko inú ìtàn àròsọ tó jọ ejò ńlá, tí wọ́n fi wúrà ṣe, tó ń bá ẹyẹ jà, tí wọ́n fi òkúta rúbì ṣe ojú rẹ̀.

Ẹ má sì gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé irú idà bẹ́ẹ̀ ṣì ń béèrè ẹ̀jẹ̀, tàbí pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni kòtò tó gba àárín idà kọjá. Kí idà lè fúyẹ́ ni alágbẹ̀dẹ ṣe gbẹ́ ẹ. Irọ́ mìíràn ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé jagunjagun sórí ẹṣin: ìhámọ́ra ogun sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 15 sí 25, ó pín káàkiri ara, ẹni tó wọ̀ ọ́ sì lè fúnra rẹ̀ gẹṣin.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń pe ara wọn ní amọṣẹ́, tí wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti sáńpépà “sọ ohun àtijọ́ di tuntun.” Ìdílé kan gbé idà bàbá ńlá wọn wá bá mi, èkù rẹ̀ jẹ́ idẹ, wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbé e fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ó ń dán gbinrin. Ojú ènìyàn méjì ni wọ́n fín sí èkù yẹn tẹ́lẹ̀, mo rí i nínú fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n mú dání. Ní ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ wọn, kò ṣẹ́ ku ju ihò imú kan àti etí àgbọ̀n kan lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo lè fín òmíràn sí i. Mo ní rárá: ọwọ́ tó fín ti àkọ́kọ́ ti kú, ohun tí èmi bá sì fín kò ní jẹ́ ti bàbá wọn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kí ó fi aṣọ òwú gbígbẹ nu eruku rẹ̀, kí ó gbé e síbi tí kò sí ọ̀rinrin, kí ó sì jọ̀ọ́ rẹ̀ títí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.