Àpótí Àjàyí àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tó Àwo Ìjẹun: Bí Míní Ṣe Dé Àgbádárìgì

Àwọn ará Ìkẹjà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ọjà ni Ọ̀tìgbà wọn tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, ẹni tó sì ń ta ẹja lọ́jà kọ́ ló ni ọ̀sà. Ọmọ Àgbádárìgì ni èmi tí mò ń kọ èyí, orí kọ̀ǹpútà kan tí kò tó àwo ìjẹun, irú èyí tí à ń pè ní míní, ni mo sì ti ń kọ ọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù wa tí kò jìnnà sí ọjà Àgbálátà. Ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ la so ó mọ́. Òun la fi ń wo èsì WAEC fáwọn ọmọ, òun la fi ń to pósítà òkú, òun la fi ń gé fídíò ìgbéyàwó. Tó bá di alẹ́, àbúrò mi á gbà á, á máa fi ṣe bíìtì fáwọn ọmọ olórin àdúgbò.

Níbo ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀, pé kí àpótí kékeré kan lórí tábìlì kan ṣoṣo máa gbọ́ iṣẹ́ gbogbo ìlú? Àwọn tó ń ti ẹ̀yìn ka ìtàn á ní Amẹ́ríkà ni, ní 2005. Èmi ní Àgbádárìgì ni, ní 1845.

Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Oṣù kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí ìlú wa. Kí ọdún náà tó tán, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti dé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà, èyí tó ṣì wà ní Marina wa títí dòní, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún yẹn náà ni Samuel Àjàyí Crowther bá Townsend àti Gollmer wọ̀lú. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó yẹ kó gbà wọ́n, ti dolóògbé, ọ̀nà ò sì ṣeé gbà. Bí wọ́n ṣe di àlejò wa fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn.

Kí ni akọ̀wé fẹ́ fi ọdún kan ààbọ̀ ṣe bí kò ṣe kó máa kọ̀wé? Àjàyí ń wàásù lédè Yorùbá, ó ń túmọ̀, ó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tójú rẹ̀ ń rí, ó ń kọ lẹ́tà sí London. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó tó bá ń rìnrìn àjò kì í fẹ́ fi àpótí ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀: àpótí pákó kan tó ṣeé gbé há abíyá, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí i, ọmọrí rẹ̀ á di pẹpẹ tí wọ́n á máa kọ̀wé lé. Ìgò tàdáwà wà nínú rẹ̀, gègé wà níbẹ̀, bébà wà níbẹ̀, lẹ́tà ọdún tó kọjá náà á sì ká sí abẹ́ rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé Àjàyí ní ọ̀kan. Bó bá sì ní in, orí tábìlì kan ní Àgbádárìgì ló gbé e kà. Ẹ wá wò ó: kò gba àyè, kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ìwàásù, ìwé owó àti ìtumọ̀ ń tinú rẹ̀ jáde. Kí ló kù tí míní ń ṣe? Iná mànàmáná nìkan ló fi jù ú lọ.

Àwọn Ẹ̀gbá á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti ń wá, torí pé Abẹ́òkúta ni Townsend ti gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859. Òótọ́ ni. Ta ló wá gbà á lálejò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Orúkọ ìlú wa pàápàá wà lára ẹ̀rí mi. Àwọn àgbà ní àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbédè ló ni oko níbí, pé Agbédègremè ni àwọn Ògù ń pe oko náà, torí pé greme ni oko lédè wọn. Ẹnu Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì. Òyìnbó gbọ́ ọ, ó ní Badagry. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń dín nǹkan wa kù láìjẹ́ kí ohunkóhun jò nínú rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní èyí ò kan kọ̀ǹpútà. Mo ní kó máa wò ó.

Ẹ tún wo ayárabíàṣá. Nígbà tí wọ́n sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ yìí, ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì ń gba odindi tábìlì, nígbà mìíràn odindi yàrá. Ẹṣin yára, kí ló dé tí wọn ò sọ pé ayárabíẹṣin? Igún náà ń fò, ó sì tóbi ju àṣá lọ fíìfíì, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Àṣá ni wọ́n mú, ẹyẹ tí kò ju adìyẹ tó ń kó lọ́mọ lọ tó bẹ́ẹ̀, tó kàn ń já ṣòòrò wálẹ̀, ó gbé òròmọdìẹ, ó ti lọ. Ẹni tó fún ẹ̀rọ náà lórúkọ ti rí ìkékeré rẹ̀ kí àwọn tó ń ṣe é tó rí i. Bí mo ṣe gbà á nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa yí mi lọ́kàn padà.

Taipuráítà ò tó ohun tí à ń pẹ́ lórí.

Ní ti òkè òkun, 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá sọ́jà, àpótí ńlá tó ń jókòó lórí tábìlì bí olóyè. Ní 1985, PageMaker tí wọ́n fi ń to ojú ìwé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sídìí Macintosh, kọ̀ǹpútà Apple, kó to ìwé, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Steve Jobs gbé àpótí dúdú kan jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, NeXT, ní 1988, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó; irú rẹ̀ ni Tim Berners-Lee fi ṣe World Wide Web. Ní 2000, Apple ṣe Cube, tó jẹ́ íǹṣì 8, tí kò ní fáànù. Dọ́là 1,799. Wọn ò lò ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó dá a dúró. Ọjọ́ 11 oṣù kìíní 2005 ni Mac mini wá dé: íǹṣì 6.5 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, íǹṣì 2 ní gíga, dọ́là 499. Kò sí mọ́nítọ̀ nínú páálí, kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí máòsì. Ẹ lo tọwọ́ yín.

Ibẹ̀ yẹn ló ti bá wa pàdé, torí pé tọwọ́ ẹni là ń lò látijọ́. Ilé wo ni kò ní mọ́nítọ̀ tí CPU rẹ̀, àpótí ńlá abẹ́ tábìlì, ti kú?

Síbẹ̀, kì í ṣe ti Apple la kọ́kọ́ lò. Ohun tí àwọn òpìtàn òkè òkun ò lè mọ̀ nìyí, àfi ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù pósítà. CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi to pósítà, ni èdè wa. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kálẹ́ńdà ẹgbẹ́, sítíkà omi, ètò ìsìnkú, CorelDRAW ni gbogbo rẹ̀, bí oníbàárà bá sì mú iṣẹ́ wá nínú flash, fáìlì CDR tí CorelDRAW ń ṣe ló máa ń wà níbẹ̀. CorelDRAW kúrò lórí Mac lẹ́yìn ẹ̀dà 11, kò sì padà síbẹ̀ títí di 2019. Ta ni yóò wá fowó ra àpótí tí kò lè ṣí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá? A fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Lenovo gbé míní tirẹ̀, Tiny, jáde ní 2012, tí Intel náà ṣe tirẹ̀, NUC, tí àwọn méjèèjì ń lo Windows, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọ́fíìsì òyìnbó lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọ́n kó wọn dànù, wọ́n sì di tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun là ń sọ ní Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ará ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní bó ṣe di orúkọ mọ́tò àti fìríìjì.

Iná ló parí ọ̀rọ̀. CPU wa àtijọ́ ní àpótí iná wáàtì 300 nínú, mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì ní ìdí gbọ̀ngbọ̀n bíi tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un. Bí a bá tan méjèèjì, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún gbéra, “I better pass my neighbour” á kọ́kọ́ hu, á wá dákẹ́, gbogbo ohun tí a ò tíì fi pamọ́ á sì bá a lọ. Wáàtì 65 ni ó wà lára ṣájà míní wa. A ṣì ń lo jẹnẹrétọ̀ kan náà, ó wá ń dún bí ẹni ń kọrin.

Ìyá àgbà kan wọlé lọ́jọ́ kan láti wá to pósítà ọkọ rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, níbo ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà? Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mò ń rí.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, mà.”

Ó dìde, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fọwọ́ kàn án. “Kékeré yìí? Ṣé ó lè gbé bàbá báyìí?” Bàbá sanra, wọ́n dé fìlà àrán nínú fọ́tò náà. Mo ní ó lè gbé wọn, mà. Ó ní kí n yáa gé àwọn àbúrò ọkọ òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí pé wọn ò dáwó.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ Ẹtì sì ni àìsùn. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ku díẹ̀, iná dé pẹ̀lú agbára tó kọjá ààlà, ṣájà pariwo lẹ́ẹ̀kan, òórùn rọ́bà jíjóná gba ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn mi já. Arákùnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbé ṣájà láputọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Mo kà á: fóltì 20, bíi tiwa. Ẹnu rẹ̀ wọlé. Bàbá padà yọ sójú mọ́nítọ̀ pẹ̀lú fìlà àrán wọn. Ká ní CPU àtijọ́ ni, a ò bá ti máa wá ẹni tó máa tú u.

Èyí tó kù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: Apple fi ṣípù tirẹ̀, M1, sínú míní ní 2020, ó fà á kéré sí íǹṣì 5 ní 2024, Intel fi NUC lé ASUS lọ́wọ́ láàárín méjèèjì, CorelDRAW náà ti wà lórí Mac báyìí. Àbúrò mi ti ń dájọ fún ọ̀kan.

CPU àtijọ́ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. A dà á dùbúlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, òun ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jókòó lé.