Ìgbín inú ìgò: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń wá nínú ìdájọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin máa ń fi oṣù díẹ̀ tó kù kí wọ́n wọlé há òfin sórí. Àkókò yẹn wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlànà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ gíga ti dá sẹ́yìn wà lára òfin gan-an, kíka ìdájọ́ sì ni iṣẹ́ àárọ̀ àti alẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wo ẹjọ́ Donoghue v Stevenson. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1928, ọ̀rẹ́ May Donoghue ra ẹlẹ́rìndòdò alátalẹ̀ fún un ní ìlú Paisley, ní Scotland. Ìgò náà dúdú, inú rẹ̀ kò ṣeé rí. Obìnrin náà ti mu díẹ̀. Obìnrin náà sọ pé nígbà tí ọ̀rẹ́ òun ń da ìyókù, ìgbín tó ti jẹrà ló bá a jáde. Ó ní òun ṣàìsàn, ó sì pe Stevenson, ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìndòdò náà, lẹ́jọ́.

Ibí yìí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á ti máa ń ṣìnà. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rí pé ìgbín wà nínú ìgò. Ohun tó dé iwájú House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún irú ẹjọ́ yìí nígbà náà, ni pé: ká ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ, ǹjẹ́ òfin gbà á láyè láti pe ẹjọ́ yìí? Òun kọ́ ló fowó rà á, kò sì sí àdéhùn láàárín òun àti ẹni tó ṣe é. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1932, mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ló ń bá ẹjọ́ mìíràn lọ: ẹni tó ṣe ọjà, tó sì dì í débi pé ẹni tó máa lò ó kò ní lè yẹ̀ ẹ́ wò, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má bàa pa á lára. Lord Atkin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, tún lọ jìnnà sí i, ó béèrè ta ni aládùúgbò ẹni lójú òfin, ìyẹn ẹni tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ìṣe wa má bàa pa lára. Òǹkàwé ní láti ya èyí tí ìdájọ́ dúró lé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbòòrò ju ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ lọ.

Àwọn adájọ́ méjì tó kù ní àwọn ìdájọ́ àtijọ́ kò fàyè gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fo apá yìí, torí ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti ń mọ ibi tí alátakò yóò gbà yọ.

Lẹ́yìn náà, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà. Bí ìgò náà bá mọ́ gaara, tí obìnrin náà sì lè rí ìgbín kó tó mu ún ńkọ́? Irú ìbéèrè tí olùkọ́ máa ń bi kíláàsì nìyẹn.