Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n: kí ló dé tí wọn ò fi pàdé mọ́ ní Ilé-Ifẹ̀?

Ọjọ́ Thursday ni mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi mélòó kan lọ bá àwọn àgbà ní agboolé kan ní Ìlàrè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àtìgbà náà ni àwọn òbí ti ń dá mi dúró lọ́nà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí rèé.

Ṣé èyí náà ń fẹ́ ètò ni? Ṣebí inú agboolé la bí gbogbo wa sí?

Ẹ̀yin la bí síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ yín. Òótọ́ ni pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti kó kúrò ní Ìrẹmọ àti Mọ̀òrè, ẹ ti kọ́lé sójú ọ̀nà Ẹdẹ, Màmá àgbà sì ní àwọn ò kó lọ síbì kankan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọ ti múra iléèwé. Bó bá dé, ó tún di ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tó fi máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán, oorun ti gbé e lọ. Ó di ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìsìnkú kó tó fojú kan ìyá bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Wọn ò kàn rí ara wọn mọ́ ni.

Bí iléèwé bá kó wọn lọ kí àwọn arúgbó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ńkọ́?

Mo ti rí irú rẹ̀. Iléèwé kan kó bí ogójì ọmọ dé. Wọ́n to àwọn àgbà sórí àga oníke, wọ́n kọrin, wọ́n gbé páálí núdù sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ya fọ́tò, bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ. Ìyá kan yíjú sí mi: "Àwọn ọmọ ta nìyẹn?" Mi ò mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá wá ṣàánú kì í bá aláàánú rẹ̀ ṣeré. Àfi kí tọ̀tún tòsì ní ohun tí ẹnì kejì ń wá.

Kí ni wọ́n wá lè jọ ṣe?

Ayò la fi bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n ní ilé méjìlá, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́rin. Bàbá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún bi ọmọ práìmárì 5 kan pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Kíá, ó ní, "Fọ́tí-éètì." Wọ́n ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó wojú mi, ó wolẹ̀.

Bàbá da ọmọ ayò sílẹ̀, wọ́n ń kó wọn jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òkìtì mẹ́rin pé géérégé. Karùn-ún ò pé, mẹ́jọ péré ló kù fún un. Wọ́n na ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bí méjì yìí bá wà níbẹ̀, àádọ́ta ni. Kò sí níbẹ̀. Ó di?" Ọmọ náà fẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ojú ẹ̀ wá là: "Méjìdínláàádọ́ta! Ìyọkúrò ni wọ́n ń ṣe!" Ọdún mélòó ni mo ti fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mi ò rántí kọ́ wọn báyẹn rí.

Bàbá wá jẹ ẹ́ léraléra, wọ́n ń pè é ní òpè. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó jẹ Bàbá. Wọ́n ní ojú àwọn ló ń ṣe bàìbàì.

Ọwọ́ àwọn ọmọ náà ò ṣófo. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀wé, tí wọn kì í mọ ẹni tó ń pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan bá wọn fi fọ́tò ọmọ wọn kọ̀ọ̀kan sórí nọ́ńbà rẹ̀. Ní báyìí, kí wọ́n tó gbé e, wọ́n ti ń pe orúkọ.

Gbogbo Yorùbá yìí ò ní ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi jẹ́?

Ìlú yìí gan-an ló ti dáhùn ìyẹn. Ní 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, fún odindi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dúró lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni pé ọmọ Ifẹ̀ gbọ́ "ulé" lẹ́nu ìyá àgbà, kò mọ̀ pé ilé ni wọ́n ń wí.

Ọmọ mi ń bẹ̀rù arúgbó.

Fíìmù ni. Bí ìyá arúgbó bá ti yọ lójú amóhùnmáwòrán wa, àjẹ́ ni. Mo ní ọmọ kan tó kọ̀ láti gba omi lọ́wọ́ ìyá kan, ìyá náà sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n rọra gbé ife sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì irú ìyẹn. Ẹ má fipá mú ọmọ. Kó jókòó wo àwọn tó ń tayò ná. Inú eré ni ẹ̀rù ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún jù báyẹn lọ: ní 2002, Becca Levy ti Yunifásítì Yale àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 660 ènìyàn tó ti pé 50 ọdún sókè ní ìlú kan ní Ohio, Amẹ́ríkà. Àwọn tó rí ọjọ́ ogbó bí ohun rere fi nǹkan bí ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí kò rí i bẹ́ẹ̀. Ojú tí ọmọ bá fi ń wo arúgbó lónìí, ojú yẹn náà ló máa fi wo ara rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀la.

Ọjọ́ wo ló dára?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi October 1 ṣe ọjọ́ àgbà láti 1990, ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira wa nìyẹn, iléèwé ò sí. Ẹ mú ọjọ́ tiyín. Àárọ̀ ló dára, torí àwọn àgbà máa ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọ mẹ́fà tó. Kí òbí buwọ́ lùwé, kí olùkọ́ má sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ọlidé bá sì wọlé, ẹ sọ fún àwọn àgbà. Èmi ò sọ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní Bàbá gbé ọpọ́n síta ní aago mẹ́sàn-án Thursday yẹn, wọ́n to ọmọ ayò sílé ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì jókòó tì í títí oòrùn fi dé ẹsẹ̀ wọn.