Oòrùn Ọ̀sán àti Òkúta Máyà: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Mú Ọnà Ara Òkúta Jáde Nínú Fọ́tò

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tó ra kámẹ́rà tí kò gbọ́ ọ rí: má ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan, jí ní ìdájí, tàbí kí o dúró di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń lọ ya àwókù ìlú àwọn Máyà, ẹ̀yà tó ń fi òkúta kọ́lé láyé àtijọ́ ní Mẹ́síkò, Guatemala àti Honduras, ń tẹ̀ lé e bí òfin. Kó tó di aago mọ́kànlá, wọ́n á ti kó kámẹ́rà sápò, wọ́n á wá abẹ́ igi jókòó sí, wọ́n á máa mu omi. Ó dunni, nítorí wákàtí tí wọ́n fi jókòó yẹn gan-an ni ọnà ara ọ̀pọ̀ òkúta tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ń hàn jù lọ.

Bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ wà nínú ìwé tó bá a wá láti ilé ìtajà, kò sí ìdí láti tún un sọ níbí. Ohun tí ìwé náà kì í sọ ni pé aago kọ́ ló ń ba fọ́tò òkúta jẹ́. Igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà kan ojú òkúta ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn pẹ́ńtà mọ èyí dáadáa. Tí birikilà bá rẹ́ ògiri tán, lọ́sàn-án, ògiri náà á dán bí abọ́. Tí pẹ́ńtà bá wá lálẹ́, tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò ní rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n kó sún mọ́ ọn, kó fi ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀ṣì ti ara ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lọ lójú rẹ̀ bí aláǹgbá: gbogbo kókó, gbogbo ibi tó wọnú, gbogbo ipa irin ìrẹ́lé á yọ síta. Ògiri kan náà ni, tọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Onílé tó gbọ́n, alẹ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ birikilà, tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá gbà á lọ́sàn-án, ó di ọjọ́ tó bá kun ọ̀dà tán, tí gílóòbù ẹ̀gbẹ́ ògiri kọ́kọ́ tàn, kó tó rí i pé ògiri òun ń ru bí ojú odò, birikilà sì ti gba owó rẹ̀ lọ.

Òjìji ló ń sọ fún ojú wa pé nǹkan yọ síta tàbí pé ó wọnú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dojú kọ òkúta tààrà kì í fi òjìji kankan sílẹ̀, nítorí náà òkúta tí wọ́n fín dáadáa á tẹ́ pẹrẹsẹ nínú fọ́tò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń rá lọ lójú òkúta ní dìgírì 10, ọnà tó yọ síta ní mìlímítà 2 péré á ta òjìji tó gùn ju mìlímítà 11 lọ. Ní dìgírì 45, òjìji rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 náà lọ.

Ẹ wá gbé oòrùn ilẹ̀ olóoru lé e. Chichén Itzá, àwókù ìlú Máyà kan ní ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò, wà ní nǹkan bíi dìgírì 20.7 sí àríwá agbedeméjì ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń gba àárín orí kọjá níbẹ̀, ní ọwọ́ ìparí oṣù Karùn-ún àti ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Keje. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án gangan, igi tó dúró ṣánṣán kì í ní òjìji lórí ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya pápá, òkìtì tàbí ojú ènìyàn, kó sá fún wákàtí náà: ilẹ̀ á tẹ́, kòtò ojú á dúdú. Ibí yìí ni ìkìlọ̀ yẹn ti jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n òkúta tí àwọn Máyà fín kì í sábà dùbúlẹ̀. Òòró ló wà. Oòrùn tó ń já bọ́ sórí ilẹ̀ ṣánṣán, òun náà ló ń rá lọ sísàlẹ̀ lójú òkúta tó dúró, bí tọ́ọ̀ṣì pẹ́ńtà lára ògiri. Ojú òkúta tó bá kọ sí ìlà-oòrùn, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí ni tirẹ̀; èyí tó kọ sí ìwọ̀-oòrùn, kété tí oòrùn bá yẹ̀ lórí ni. Níwọ̀n bí oòrùn ti ń rìn ní dìgírì 15 ní wákàtí kan, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò ju dìgírì 10 lọ sí ojú òkúta, fi ń wà. Tí ó bá kọjá, ó kọjá, ó di ọ̀la. Ní òwúrọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ bá, ojú tó kọ sí ìlà-oòrùn ti gba oòrùn síwájú pátápátá, ọnà rẹ̀ sì ti fọ̀ dànù.

Ìdájí tí wọ́n ń wí kò tiẹ̀ sí ní Chichén Itzá fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bí ará yòókù. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí ẹnubodè. Ní ìparí oṣù Kẹta, oòrùn á ti yọ láti nǹkan bí aago mẹ́fà, ó sì ń gun òkè ní nǹkan bíi dìgírì 14 ní wákàtí kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá fi máa wọlé, ó ti wà ní dìgírì 28. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àkókò kan náà, dìgírì 9 tàbí díẹ̀ lé ni oòrùn ń gùn ní wákàtí kan, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wọn ń pẹ́. Ìkìlọ̀ náà bá ilẹ̀ òtútù mu. Ẹni tó gbé e lọ sí Yucatán láìgbé e yẹ̀ wò ló fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ìjà àárín òkúta àti oòrùn yìí ti pẹ́ bí kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ní 1841, Frederick Catherwood, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá John Lloyd Stephens ará Amẹ́ríkà rìn, gbé kámẹ́rà ayé ìgbà náà dé Uxmal, àwókù ìlú Máyà mìíràn ní Yucatán, irú èyí tó ń ya àwòrán sórí àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Etí òrùlé àti ọnà tó yọ síta lára àwọn ilé ibẹ̀ ń da òjìji bo apá kan, oòrùn sì ń jó apá kejì. Ibi tó mọ́ jáde dáadáa, ibi tó kù, pẹ́ńsùlù ni wọ́n ní láti fi yà á. Ìṣòro kan náà ló wà lónìí. Ojú ènìyàn máa ń ṣún kì nígbà tó bá wo òkúta funfun, á sì là nígbà tó bá wo abẹ́ òrùlé. Kámẹ́rà kò lè ṣe méjèèjì nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Fóònù òde òní ń gbìyànjú rẹ̀: á ya mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá, á lẹ̀ wọ́n pọ̀, á sì tan ìmọ́lẹ̀ sínú gbogbo òjìji. Iṣẹ́ ńlá ni fún ojú ọ̀rẹ́ níbi ìyàwó. Fún òkúta fífín, ìparun ni, torí òjìji tó ń pa rẹ́ yẹn gan-an ni ọnà.

Ní Quiriguá, ní Guatemala, òkúta kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Stela E. Gíga rẹ̀ látòkè délẹ̀ ju mítà 10 lọ, apá kan rẹ̀ sì rì sínú ilẹ̀. Ọdún 771 ni wọ́n gbé e dúró. Alfred Maudslay, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ ní 1881, ó bá àwọn òkúta náà nínú igbó, ewédò bò wọ́n. Ó ní kí wọ́n ha ewédò náà kúrò, kí wọ́n gé igi kí oòrùn lè wọlé, ó sì yà wọ́n sórí gíláàsì. Òjò ti jẹ lára àwọn òkúta ilẹ̀ Máyà láti ìgbà náà, débi pé àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sídìí fọ́tò rẹ̀ láti rí ohun tí kò sí lára òkúta mọ́. Lónìí, òrùlé ewé ló bo àwọn òkúta Quiriguá. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí òjò burú ju fọ́tò tó tẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé kò ní oòrùn tó ń rá. Ìmọ́lẹ̀ ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji kò sì rí ibi dúró sí.

Nítorí irú èyí ni àwọn tó ń ka òkúta fi ń ṣiṣẹ́ lóru. Láti 1968 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ti Yunifásítì Harvard ti ń ṣe àkójọ àwọn àkọlé Máyà, Ian Graham ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú òkúta, wọ́n á pa gbogbo iná, ẹnì kan á wá di àtùpà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Wọ́n á yà á, wọ́n á sún àtùpà sókè, wọ́n á tún yà á.

Ohun tí àtùpà ń mú jáde níbẹ̀ kì í ṣe ẹwà lásán. Àwọn Máyà ń fi àmì tótó roboto kọ ení, wọ́n sì ń fi ọ̀pá kọ àrún: àmì roboto méjì lórí ọ̀pá kan, éje nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́kùúta wọn kò fẹ́ kí àyè ṣófo. Tí àmì roboto bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á fín nǹkan tó tẹ̀ bí oṣù lé sọ́tùn-ún àti sósì rẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n á fi ọnà mìíràn dí àárín wọn. Ọnà lásán ni, kì í ṣe nọ́ńbà. Lẹ́yìn òjò ẹgbẹ̀rún ọdún, gbogbo rẹ̀ á di kókó mẹ́ta tó jọra. Ẹni tó bá yà á lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ á ka ẹẹ́ta. Àtùpà ló máa fi hàn pé òjìji kókó àárín yípo, àti pé ti àwọn méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ní ikùn tó wọnú. Ení ni. Ọjọ́ ìbí ọba kan lè yẹ̀ nítorí òjìji tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ.

Òfin kan tún wà nípa ibi tí àtùpà ń gbé. Ọpọlọ ènìyàn gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ń ti wá, torí òkè ni oòrùn wà. Tí àtùpà bá wà nísàlẹ̀, ohun tó yọ síta á dà bí ohun tó wọnú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó dorí fọ́tò òkúta fífín kọdò lórí fóònù: imú ọba á di kòtò. Nítorí náà, òkè apá òsì ni àtùpà sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin yìí tiẹ̀ ti gòkè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní 2018, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù tó lé ní 60,000 lábẹ́ igbó àríwá Guatemala, ní ilẹ̀ tó fẹ̀ ju 2,100 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń ta ìmọ́lẹ̀ lẹ́sà sílẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba àlàfo àárín ewé dé ilẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà á yọ igi kúrò, ilẹ̀ nìkan á kù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán nìyẹn, ojú kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lẹ́yìn èyí ni kó tan oòrùn àtọwọ́dá sí i, lọ́pọ̀ ìgbà láti igun àríwá òun ìwọ̀-oòrùn, ní dìgírì 45. Oòrùn gidi kì í dé ibẹ̀ ní gíga yẹn ní ilẹ̀ Guatemala láéláé. Wọ́n fi í síbẹ̀ nítorí pé lórí máàpù, òkè apá òsì ni. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n gidi ni: ẹ̀rọ tó ju gbogbo wa lọ, tó tún padà wá bẹ òjìji kó tó lè fi pírámíìdì han ènìyàn.

Ejò ìmọ́lẹ̀ tí èrò ń lọ wò ní Chichén Itzá náà kò jìnnà sí èyí. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn dọ́gba, ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, oòrùn á máa rá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àríwá pírámíìdì Kukulcán. Igun àwọn ìpele mẹ́sàn-án rẹ̀ á da òjìji sára ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ohun tó kù láìbò á di onígun mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ méje tó ń lọ́ sọ̀kalẹ̀ dé ibi orí ejò òkúta nísàlẹ̀. Èrò á kún ibẹ̀ bámúbámú lọ́jọ́ kan yẹn. Bẹ́ẹ̀, ipa oòrùn kì í yẹ̀ ju nǹkan bíi 0.4 dìgírì lọ lójúmọ́. Ẹni tó lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú á rí ejò náà, á sì rí àyè dúró.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sán, òkun Tulum, àwókù Máyà tó wà létí omi ní Mẹ́síkò, náà ń jẹ́rìí. Oòrùn tó wà nísàlẹ̀ ń yọ̀ lórí omi. Èyí tó wà lókè ń wọnú rẹ̀, á kan iyanrìn funfun, á sì padà jáde ní àwọ̀ aró tó mọ́ gaara. Àwọn kànga àdáyébá tí wọ́n ń pè ní cenote, tí òkè wọn ní ihò kan ṣoṣo, ọ̀sán nìkan ni òpó ìmọ́lẹ̀ ń dúró nínú omi wọn.

Izamal, ìlú kan ní Yucatán tí wọ́n kun ní yẹ́lò láti òpin dé òpin, ń fẹ́ ọ̀sán bákan náà, lọ́nà tirẹ̀. Òjìji sábà máa ń jáde bíi búlúù nínú fọ́tò, torí ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ní ojú ọ̀nà tóóró, tí oòrùn bá kan ògiri apá kan, ògiri yẹ́lò náà á ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí apá kejì, òjìji ibẹ̀ á sì móoru, á jinlẹ̀ ju ibi tí oòrùn kàn lọ. Apá òjìji yẹn ni kí ènìyàn kọjú kámẹ́rà sí. Ẹni tó bá na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án á rí i pé ó ti yí padà, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi gààrí elépo.