Ìtẹ̀ka, láti Bengal dé Ìtòkú

Aláró Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, lè tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka lẹ́ẹ̀mẹta kó má gbà á. Sódà inú aró ló ti jẹ ìlà ìka náà. Ìlà kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ́ òkúta pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ìdí iṣẹ́ títì ni ìtẹ̀ka tí ìjọba ń lò lónìí ti ṣẹ̀.

Lóṣù keje ọdún 1858, ní Jungipoor ní Bengal, ní ilẹ̀ India, William Herschel, òyìnbó ìjọba, gbé iṣẹ́ fún Rajyadhar Konai pé kó máa kó ohun èlò títì wá. Kí Konai má baà sẹ́ àdéhùn lẹ́yìn ọ̀la, Herschel mú tàdáwà olóròóró tó fi ń lu òǹtẹ̀, ó fi kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé. Ẹ̀rù lásán ló fẹ́ fi bà á. Nígbà tó máa di 1877, ó ti ń fi ìka dá àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó òkú.

Ìlà ojú tiwa ń sọ ibi tí èèyàn ti wá. Kò sọ ẹni tí èèyàn náà jẹ́ gan-an. Ìka ló ń sọ ọ́, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, sì là á sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1892. Wàhálà tó kù ni bí wọ́n ṣe máa rí káàdì ìtẹ̀ka kan fà yọ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní Calcutta, ọlọ́pàá kan, Azizul Haque, pín káàdì náà sí ihò 1024, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Hem Chandra Bose náà bá a ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn, Edward Henry, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò náà. Èyí kò dáa tó.

Ẹ̀rọ kì í wo ìka lódindi. Ibi tí ìlà ti parí àti ibi tó ti ya ló ń sàmì sí, á wá wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Bí ìka bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, ìlà á já. Bó bá tutù jù, á pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ tó tẹ ikùn ìka pẹrẹsẹ, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Bí aláró bá sinmi aró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlà á tún hù, torí abẹ́ awọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí NIN fi ń gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pẹ̀lú ojú. BVAS, ẹ̀rọ tí INEC fi dá olùdìbò mọ̀ káàkiri ní 2023, náà ń wo ojú bí ìka bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ojú náà ní tirẹ̀: ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin lèèyàn wò. Àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú dé 34.7%, ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8% lọ. Wọ́n tún rí i pé àwòrán aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ àwòrán tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò nígbà náà. Nítorí náà, ẹ kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí gèlè má sì bo iwájú orí.