Ẹ Wá Ibi Tí Omi Gbà Wọ Inú Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ó ń gbé ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn wá bá mi fún àtúnṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń sọ pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé dákẹ́ lórí ọ̀sà. Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé dákẹ́. Omi tí ó pa á ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, ó ti jẹ bẹ́árìn, ó ti jẹ ògiri sìlíńdà, àmì rẹ̀ sì ti hàn lára púlọ́ọ̀gì àti nínú ọ́ìlì kí ẹ̀rọ tó kọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ kò wò ó. Ohun tí ó ń bí mi nínú jù ni pé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnìkan á ti ta kábúrétọ̀ tuntun fún wọn, ẹlòmíràn á sì ti ní kí wọ́n lọ fi ọtí jíìnì bẹ omi.

Mi ò ní kọ bí a ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì síbí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò yẹ kí ó máa fi ọkọ̀ gbé èrò. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹ tú gbogbo wọn, kí ẹ tò wọ́n bí sìlíńdà wọn ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ má sì nù wọ́n. Bí omi bá wà lára gbogbo wọn, ẹ kọ́kọ́ fura sí epo. Ẹ bù díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò tí ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, yóò lọ jókòó sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tí ó pín wọn níyà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni omi wà lára rẹ̀, tàbí tí ọ̀kan mọ́ tónítóní nígbà tí àwọn yòókù ní àwọ̀ ilẹ̀, tí orí písítìn rẹ̀ sì ń dán, ẹ má ṣe yọ̀ pé sìlíńdà yẹn ló dára jù. Omi ló ń hó di ooru níbẹ̀ tí ó ń fọ èédú kúrò: gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀rọ ti jó, tàbí kí ìpẹtà ti lu ògiri tí ó wà láàárín ọ̀nà omi ìtutù àti ọ̀nà èéfín. Ẹ wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ọ̀kan bá fi ohun tí ó ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kéré sí èkejì, ẹ má tún gbé ẹ̀rọ náà lọ sójú omi.

Àwọ̀ ìpẹtà pàápàá máa ń sọ irin tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́búlẹ́bú funfun jẹ́ ti aluminíọ̀mù, àwọ̀ ewé jẹ́ ti bàbà, pupa sì jẹ́ ti irin, èyí tí ó léwu jù nínú ẹ̀rọ tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, nítorí pé inú bẹ́árìn ni irin náà wà.

Ní ti ọ́ìlì àpótí jíà tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti sinmi mọ́jú kí ẹ tó tú ìdè ìsàlẹ̀. Bí omi bá kọ́kọ́ jáde kí ọ́ìlì tó tẹ̀ lé e, tàbí tí ọ́ìlì náà bá funfun bí ògì, rọ́bà ìdènà tí ó wà lẹ́yìn pùròpẹ́là ti ya. Nínú àwọn tí mo ti tú, okùn náílọ́ọ̀nù àwọn apẹja ni mo máa ń bá tí ó wé mọ́ ọ̀pá pùròpẹ́là, tí ó sì ti gé rọ́bà náà. Mo bá ọ̀kan báyìí lára ẹ̀rọ tí wọ́n ti sọ fún olówó rẹ̀ pé àwọn ará inú omi ni ó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni mo fi gé okùn náà kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ síńkì, ẹyọ irin tí ó wà lára ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí àwọn oníbàárà mi sọ pé mo ń sọ jù. Nígbà tí aluminíọ̀mù ara ẹ̀rọ, irin tí kì í dógùn-ún tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá pùròpẹ́là, àti bàbà bá jọ wà nínú omi iyọ̀, iná mànàmáná díẹ̀ máa ń ṣàn láàárín wọn, èyí tí ó bá rọrùn jù láti jẹ nínú wọn ni yóò sì máa ṣòfò. A de síńkì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ kí òun lè ṣòfò dípò ara ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kun síńkì lọ́dà kí ó lè dùn ún wò ti pa á, ẹni tí ó bá sì dè é mọ́ orí ọ̀dà tí kò ha kúrò kò dè é rárá, nítorí pé irin gbọ́dọ̀ kan irin. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì tún ní òmíràn nínú ọ̀nà omi ìtutù, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rántí títí ihò yóò fi lu ara ẹ̀rọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní síńkì ni wọ́n fi síńkì gidi ṣe. Ohun tí a fi ṣe é ṣe pàtàkì fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà Èkó, torí pé omi wa kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń da omi tí kò níyọ̀ sínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà dé Apápá wọlé, iyọ̀ á sì pọ̀ sí i. Ní apá Ẹ̀pẹ́, omi kò níyọ̀ tó ti ìtòsí òkun. Síńkì gidi máa ń ṣe èèpo líle nínú omi tí kò níyọ̀, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́, èèpo yẹn kò ní jẹ́ kí ó lè ṣe é. Èyí tí wọ́n fi magnísíọ̀mù ṣe máa ń tètè tán nínú omi iyọ̀. Èyí tí wọ́n fi aluminíọ̀mù ṣe ni ó lè ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, òun ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta á. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Fífi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́ kò nílò àlàyé. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná tó kí tẹ́mósítáàtì, ìyẹn fáàfù tí ooru máa ń ṣí fún omi ìtutù, lè ṣí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi náà kò ní dé ibi tí iyọ̀ ti gbá jọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá rì. Apẹja kan wà ní apá Àgbádárìgì tí ìjì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, tí wọ́n sì fa ẹ̀rọ rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rọ náà kò tíì bàjẹ́ rárá nígbà yẹn. Ẹnìkan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní mekáníìkì ní kí ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn títí ọjọ́ kẹta kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Ọ̀pọ̀ omi náà gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá omi lọ. Ó dúró sára irin, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ní gbogbo òru, afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀ láti parí iṣẹ́ náà. Wọ́n wá gbé bàtírì dé láìtú púlọ́ọ̀gì. Omi tí ó kù nínú sìlíńdà kan kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́; ẹ̀rọ yí lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbì, ó dúró, ọ̀gbẹ́ni náà sì tún tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí mo tú u, ọ̀pá tí ó gbé písítìn ti tẹ̀, gbogbo bẹ́árìn ti pupa, kò sì sí ohun tí mo lè yọ níbẹ̀ fún ọkùnrin náà ju ìdérí òkè lọ. Ẹ̀rọ tí ó ń bọ́ ilé rẹ̀ ni.

Bí tiyín bá rì, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ lóde àti nínú lójú ẹsẹ̀, ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ọwọ́ yí i kí omi lè tú jáde, ẹ da ọ́ìlì sínú sìlíńdà, ẹ tú epo tí ó wà nínú kábúrétọ̀ dànù, kí ẹ sì sitáàtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí mekáníìkì kò bá lè dé lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe gbé e sínú oòrùn, ẹ má sì gbé e sínú yàrá. Ẹ rì í padà sínú dúrọ́ọ̀mù omi kànga tí kò níyọ̀, kí omi bo ó lórí, kí afẹ́fẹ́ má lè tètè kàn án, kí ẹ sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí tí yóò fi dé.